Abẹ́rẹ́ Kì Í Dìde Láàárín Orin

Ẹ jẹ́ kí orin yẹn parí ná. Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti jókòó sórí àga yìí ni mo ti ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin, mi ò tíì gbọ́ òpin ẹyọ kan. Olórin ò tíì mí délẹ̀, ọwọ́ yín ti wà lára fóònù, ẹ ti lé e lọ, ẹ ti pe òmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ óò wá máa jiyàn pé ta ló mọ orin kọ jù. Ta ni nínú yín ló gbọ́ ẹnikẹ́ni dópin tí yóò fi mọ̀? Mi ò bínú o, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ó kàn rán mi létí ìgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, nígbà tí orin kì í gbé inú àpò ṣòkòtò, tó jẹ́ pé èèyàn ní láti dìde nílé kó tó lè lọ bá a.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Orin tó wà nínú fóònù yín pọ̀ ju èyí tí gbogbo àdúgbò wa ní nígbà náà lọ. Ṣùgbọ́n àkísà orin, èyí tó ti gbó mọ́ni lára, tí èèyàn ń kọ lójú oorun, ẹ ò tíì ní in. Èmi ní in. Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ gbé ẹ̀pà yẹn síbi tí ọwọ́ mi yóò ti tó o.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òdogbolú, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀. Mo ní alùpùpù kan tó máa ń wúkọ́ dáadáa kó tó jí. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń retí ọjọ́ Àìkú. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, tí àwa mùsùlùmí náà sì ti kírun ọ̀sán, gbogbo wa a ya lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Jósẹ́fù. Onígbàjámọ̀ ni Bọ̀dá Jósẹ́fù, òun náà ló sì ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kì í fárí fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ó ní sítẹ́ríò kan tó máa ń fi aṣọ funfun bò bí ẹni bo ọmọ jòjòló. Tó bá ti ṣí aṣọ yẹn báyìí, ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu wa. Tí abẹ́rẹ́ bá balẹ̀ lórí àwo orin, ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná nínú agbada, kí orin tó wọlé. Mo fẹ́ràn ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ yẹn ju òmíràn nínú àwọn orin náà lọ. Orin tiyín ò ní i. Orin tiyín kàn máa ń já luni lójijì ni, bí ẹni tí kò kí ilé kó tó wọlé.

Àwo kì í fẹ́ oòrùn, kì í fẹ́ ọyẹ́, kì í fẹ́ ìyẹ̀pẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ la fi ń wé e, a ó wá kì í bọ abẹ́ bùbá, a ó máa rìn gbọnran bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Síbẹ̀, ohun tí yóò ṣeni kì í jìnnà síni. Mo ní àwo jùjú kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Lọ́jọ́ Iléyá kan, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ bá wọn pín ẹran. Ìyá mi ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́, ó ń wá ohun tí yóò fi dé ìkòkò kí eṣinṣin má bàa bà lé e, ó wá rí ohun dúdú róbótó kan tó ṣe wẹ́kú ẹnu ìkòkò. Nígbà tí mo padà dé, ooru ti mú àwo mi, ó ti ká bí etí erin. Mo figbe ta. Ìyá mi ṣí ìkòkò, ó bu díẹ̀ tọ́ wò, ó ní, “Òórùn rẹ̀ ò kúkú wọ inú ìkọ́kọrẹ́. Wá jẹun.” Mo jẹ ẹ́ o. Mo ń sunkún, mo ń jẹ ẹ́, nítorí ìkọ́kọrẹ́ ìyá mi kò ṣeé fi ìbínú kọ̀.

Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mi ò wá àwo yẹn dé lẹ́yìn náà. Mo wá a ní Òdogbolú, mo wá a dé Ìbẹfun, wọ́n ní ó ti tán lọ́jà. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi wà lórí mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ rántí ìyẹn, a máa padà síbẹ̀.

Nígbà náà, a kì í pe àwo ní orúkọ tí olórin sọ ọ́. Àwòrán ara páálí rẹ̀ la fi ń pè é. Èyí tí ìyá mi fi dé ìkòkò, Aláàga la ń pè é, nítorí olórin jùjú kan tó ń jẹ́ Délé Olóyin jókòó sórí àga olókùn níwájú páálí náà, ó gbé gìtá lé itan. Àwo àpàlà tó gbajúmọ̀ jù ní àdúgbò wa ni Ẹlẹ́ṣin. Súbérù Alágídìgbo ló kọ ọ́, ó sì gun ẹṣin funfun lára páálí rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí Ojúde Ọba. Àwọn kan ní ẹṣin náà ń bẹ̀rù, pé wọ́n lè rí i lójú rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé tó ní, “Ẹ fún wa ní Ẹlẹ́ṣin,” a ti mọ̀ pé ọmọ ilé ni.

Apá méjì la pín sí, oníjùjú àti alápàlà. Ẹ má rò pé ẹ̀sìn ló pín wa. Èmi tí mò ń kírun, jùjú ni mo ń tẹ̀ lé. Bọ̀dá Jósẹ́fù tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àpàlà lòun ń kú fún. Iyàn wa kì í tán. Àwọn kan láàárín wa tilẹ̀ ń pín ayé olórin kan ṣoṣo sí méjì, wọ́n ní Olóyin kí ó tó yọ eyín iwájú, àti Olóyin lẹ́yìn tó yọ ọ́. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò rí bákan náà mọ́, pé afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde. Bọ̀dá Jósẹ́fù ní tòun, ọjọ́ tí Súbérù ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn olówó ńlá ni àpàlà rẹ̀ kú. “Ó ń kígbe tẹ́lẹ̀, a ń gbọ́ ọ,” ló máa ń wí. “Ní báyìí tí kò kígbe mọ́, kí là ń gbọ́?” A ó jà, a ó rẹ́rìn-ín, a ó rẹ gàrí mu, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dénú eegun, tó jẹ́ pé ó ń pa ojú ẹni dé fúnra rẹ̀.

Olórí àwọn alápàlà ni Alájì Onípákó. Pákó ló ń tà. Àgbàlagbà tó sanra díẹ̀, tó máa ń fi ìka gbá orí itan rẹ̀ bí agídìgbo bá ń dún. Kò sí ohun tí kì í fojú dì lára jùjú. Ó ní gìtá ń dún bí ẹ̀fọn létí ẹni tó fẹ́ sùn. Ó ti búra lójú gbogbo wa pé àwo jùjú kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà ilé òun láé. Àwo tirẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá, tí yóò yọ ọ́, tí yóò gbé e sórí ẹ̀rọ.

Alájì yìí náà ló ṣe òfin ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kan, oníjùjú kan tí iyàn ti mú orí rẹ̀ gbóná fa abẹ́rẹ́ sókè nígbà tí àwo Alájì ń kọ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì ha àwo náà láti etí dé àárín. Gbogbo wa rò pé Alájì yóò nà án ni. Kò nà án. Ó jókòó pẹ̀lẹ́, ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá mú àwo wá ni yóò gbé e sí i. Bí abẹ́rẹ́ bá ti balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e títí ojú àwo náà yóò fi parí, ìbáà ṣe ẹni tó ni ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá parí, apá kejì ni yóò kọ́kọ́ lanu. “Abẹ́rẹ́ kì í dìde láàárín orin,” ni Alájì wí. Ó di ọ̀rọ̀ tí à ń fi kí ara wa lójú títì.

Ẹ ń wò mí pé níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ Ṣakirátù. Ọmọ Alájì ni. Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, bí ó bá wálé, òun ló máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Jósẹ́fù. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí orin yóò fi parí kí ó tó kí wa, nítorí òfin. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ìdúró yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fẹ́ràn ẹni tó dúró. Ó ń fẹ́ mi, mo ń fẹ́ ẹ, kò sí ohun tí a ò sọ fún ara wa. Ó tilẹ̀ sọ fún mi nípa bàbá bàbá rẹ̀ ní Ayépé, tó fi owó epo pupa kọ́ ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi páànù bò ní ojú ọ̀nà tiwọn.

Mo mú àbúrò bàbá mi dání, a lọ bá Alájì níbi tó ti ń to pákó. Ó gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wa lómi. Nígbà tí àbúrò bàbá mi sọ ohun tó gbé wa wá, Alájì mirí.

“Tíṣà, ẹ̀sìn wa ò yàtọ̀,” ló wí. “Ìwà rẹ ò burú. Mi ò rí ẹ̀gbin kankan lára rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè gbé ilé tí wọ́n ti ń ta gìtá láti àárọ̀.”

Àbúrò bàbá mi rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Alájì ò rẹ́rìn-ín.

“Mo ti ń ṣọ́ ọ,” ló wí fún mi. “Bí àpàlà bá ń lọ, ṣe lò ń wo ojú fèrèsé. Ẹni tí kò lè gbọ́ àpàlà dópin, ṣé òun ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ dópin?”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fi Ṣakirátù ṣaya ń ti Èkó bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò, ó ń ta aṣọ, ó ti gbọ́ pé Alájì fẹ́ràn àpàlà, ó sì ti ra gbogbo àwo Súbérù wá fún un lẹ́bùn. Ṣakirátù ní ọkùnrin náà ò mọ èyí tó jẹ́ ojú kìíní àwo yàtọ̀ sí ojú kejì. Ṣùgbọ́n inú Alájì dùn sí i. Ó ní bí Iléyá bá ti kọjá, òun yóò dá ọkùnrin náà lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé sú mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsirò ní Òdogbolú, èmi gan-an ò mọ iye tí méjì àti méjì ń jẹ́.

Ó ku díẹ̀ kí Iléyá dé, ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo wa pé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kan Alájì láti gbé àwo sí i. Ó wọ ẹ̀wù funfun wọlé, ó gbé Ẹlẹ́ṣin dání. Ó ti gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé, ó ń fojú wínníwínní wo gbogbo wa. Ó yọ àwo náà jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ó sì lọ jókòó, ó ti gbé ìka lé itan. Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Gìtá ló wọlé.

Mi ò lè gbàgbé ojú Alájì. Bọ̀dá Jósẹ́fù la ẹnu, ó rántí òfin, ó pa á dé. Alájì dìde díẹ̀ lórí àga, ó na ọwọ́ síhà ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ kì í dìde láàárín orin, ìbáà ṣe ẹni tó ni ín. Òun ló ṣòfin. Ó padà jókòó. Aláàga ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Aláàga tí mo wá kiri títí tí mi ò rí, tí ìyá mi fi dé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́. Inú páálí Ẹlẹ́ṣin ló ti jáde wá, láti abẹ́ apá olórí àwọn alápàlà.

Àwọn oníjùjú ẹgbẹ́ mi ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Èmi náà ti ń ṣètò ohun tí n óò sọ, nítorí pé èmi ni ó kàn láti kọ́kọ́ lanu lápá tiwa. Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tó lè mú kí Alájì má wá sí ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ títí ayé. Inú mi ń dùn, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Orin wá dé ibì kan ní àárín, níbi tí Olóyin ti rẹ ohùn sílẹ̀:

Ọnàsànyà ará Ayépé,
ẹni tó fi epo kọ́lé, tó fi ekùrọ́ rán ọmọ lọ sí kéú,
ọ̀nà Ayépé ò gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ.

Ìgbà tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn kò níye, mi ò béèrè rí pé ta ni Ọnàsànyà. Mo kàn ṣèèṣì wo Alájì ni. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń bá a kọ ọ́, láìsí ohùn, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Omi ti dé ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń gbá itan, ó ń bá gìtá lọ bí ó ti máa ń bá agídìgbo lọ. Mo wá rántí bàbá àgbà Ayépé tí Ṣakirátù sọ fún mi, tó fi owó epo pupa kọ́lé. Alájì la mọ̀ ọ́n sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, Alájì Onípákó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní ọmọ Ọnàsànyà. Ọkùnrin yìí ti ń gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láti ìgbà yí wá, ó fi í pamọ́ fún wa nítorí ìbúra ẹnu rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ẹ̀rín tó wà nínú mi gbẹ.

Ojú àwo parí. Abẹ́rẹ́ ń họ àárín àwo fẹrẹ, fẹrẹ. Ṣakirátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè kí wa. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Alájì náà wò mí, ó ń dúró de ẹ̀tẹ́ rẹ̀ bí ọkùnrin.

Mo ní, “Alájì, àpàlà yìí mà dára o.”

Ẹ óò rí i pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Bọ̀dá Jósẹ́fù mi orí, ó ní òun ò tíì gbọ́ àpàlà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Súbérù ti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn oníjùjú náà bẹ̀rẹ̀ sí í yin àpàlà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú tó le bí ojú adájọ́. Alájì dìde, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó fi aṣọ ìnujú nu àwo náà yíká, ó kì í bọ inú páálí Ẹlẹ́ṣin. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Tíṣà,” ló wí níkẹyìn, “o mọ orin gbọ́. Sọ fún àbúrò bàbá rẹ kó padà wá.”

Abọ́ oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ṣakirátù. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé páálí Ẹlẹ́ṣin méjì ni bàbá òun ní, wọ́n jọra bí ìbejì, àti pé ojúlówó àpàlà wà nínú ọ̀kan, Aláàga wà nínú èkejì, kí àlejò má bàa rí i. Awò ojú tó gbàgbé sílé ló fẹ́ mi fún ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin Èkó wa mọ́tò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó fi àwọn àwo náà sílẹ̀, oríire ni fún un, kò kúkú ní gbọ́ wọn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, Alájì fi ìwé ìròyìn wé páálí kan, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Àpàlà nìyí. Ẹ máa gbọ́ ọ.” Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ àpàlà dópin, ojúlówó àti èyí tí kì í ṣe ojúlówó, mo sì ń gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó mi dópin pẹ̀lú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ń kọrin lábẹ́nu ní ilé ìdáná yẹn o. Ó ti gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ó ń díbọ́n ni.

Ó yá, ẹ pa fóònù yín. Páálí tó wà lórí pẹpẹ yẹn, èyí tí wọ́n ya ẹṣin sí, ẹ gbé e wá, kí ẹni tó gbé e fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Ẹ̀yin ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ títí yóò fi parí. Ẹ óò gbọ́ gìtá, ẹ óò gbọ́ orúkọ bàbá bàbá ìyá yín àgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín léèrè lọ́la ohun tí ẹ gbọ́ nílé bàbá yín àgbà, ẹ sọ fún un pé àpàlà ni.